Ìlú Tí Ìyá Àgbà Dárúkọ

Àkísà tí ìyá àgbà rì sínú kẹrosíìnì ló fi ń nu àgádágodo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ká-ká, ká-ká, kó má bàa dípẹtà. Wósìwósì ló ń tà lọ́jà Asafo ní Kumasi, nílẹ̀ Gáná: abẹ́rẹ́, bọ́tìnì, kánfọ̀, àgádágodo. Mo jókòó tì í, mò ń to abẹ́rẹ́ sínú bébà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Akọ̀wé kan wá kọ orúkọ àwọn tó máa gba ṣọ́ọ̀bù tuntun tí wọ́n kọ́ sínú ọjà. Ìyá àgbà wà lára àwọn obìnrin tó fi orí ru yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ọ.

"Maame, wofiri he?" Ìlú rẹ̀ ni akọ̀wé ń fi Twi béèrè.

Ìyá Ashanti tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyá àgbà. "Ẹ sọ pé Kumasi! Ṣebí ibí ni wọ́n ti bí yín."

Bẹ́ẹ̀ sì ni. Ìgbà kan ṣoṣo tó gbé Ìlọrin ni ìgbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Gáná ni wọ́n ń pè é ní Ìlọrin títí ó fi padà wá.

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ìlọrin. Ilé bàbá mi."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó pè é ní Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. "Alata! Lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìlọrin, kí o bá mi kí wọn." Ó fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá.

"Ẹ̀yin náà! Ọ̀rọ̀ kan péré!" Onítòmátì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Bí mo bá sẹ́ bàbá mi nítorí páànù àti símẹ́ǹtì," ni ìyá àgbà wí, "kí ló kù tí mo fẹ́ tì mọ́nú ṣọ́ọ̀bù?"

Ọkùnrin kan tí kò tajà ní Asafo rí ni wọ́n gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún. Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá ra àgádágodo tó fi tì í. Ìyá àgbà nù ún dáadáa kó tó tà á fún un. Etí gọ́tà, nínú òòrùn, ni ìyá àgbà jókòó sí títí tó fi kú. Inú ṣì ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ọmọ mi obìnrin. Wọ́n béèrè ìlú rẹ̀. Mo yára kọ Kumasi, mo sì bojú wẹ̀yìn bí olè.

"Màámi, Ìlọrin ńkọ́?" ni ọmọ náà bi mí.

"Kọ́kọ́ ráyè jókòó ní kíláàsì ná," mo dá a lóhùn.

Kumasi kì í ṣe irọ́, ibẹ̀ ni mo bí i sí. Ìlọrin náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ohùn onítòmátì ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi, kì í ṣe ti ìyá àgbà. Mi ò ní dárí ji àwọn tó sọ mí di bẹ́ẹ̀.