Ọjọ́ Tí Fíìmù Kan Pa Bàbá Mi Lẹ́kún

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ilé wa lọ wo fíìmù lọ́dọ̀ Màmá Nkechi, aládùúgbò wa ní Woliwo. Iná ti jó ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Bridge Head nígbà náà, ẹrù ni ó ń já nínú ọkọ̀ kí a tó lè jẹun.

Fíìmù náà dá lórí bíríkìlà kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ tán nílé wọn, ó fi ọmọbìnrin rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Bí ọmọ náà ti ń wọ mọ́tò, Bọ́lá àbúrò mi bi bàbá wa pé, "Papa, ṣé ó máa padà wá?"

Bàbá mi fi ọwọ́ bojú, ó sì ń sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí, àní lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù jó.

Màmá mi rọra ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ kúkú sọ fún un."

Bàbá mi gbé Bọ́lá lé itan. "Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wàá máa gbé. Wọn á rán ọ lọ sílé ẹ̀kọ́."

Bọ́lá nawọ́ sí mi. "Ṣé Ṣadé náà ń bọ̀?"

"Rárá."

Mo di ọwọ́ Bọ́lá mú títí fíìmù fi parí. Ó lọ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi pè é lórí fóònù. Bọ́lá ní, "Ẹ dúró, mà, ẹ jẹ́ kí n pe Mọ́mì wá." Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ó ń pè bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ní, "Pè wọ́n, ọmọ mi."