Ẹni Tó Ná Ọjà Tí Kò Rà

Apá òsì mi kò nà tán mọ́. Bí mo bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú àdúrà, ọ̀kan a ga ju èkejì lọ, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé apá ni, kì í ṣe orí. Ọjà Ikpinlè ni wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí ìjọba kan kì í jókòó dáadáa kí òmíràn tó tì í dìde. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ní Adja-Ouèrè. Ọkùnrin kan ti Kútọnu dé. Ìjọba ló rán an pé kó wo iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Kò gbọ́ èdè wa, àlùfáà sì ní kí n máa ṣe ògbufọ̀ fún un.

A dé ọjà Ikpinlè bí àwọn obìnrin ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ná ọjà láàárọ̀ gbọ́dọ̀ rà, ì báà jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ gààrì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà á kú mọ́ ẹni tó ń tà á lọ́wọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, owó ìbéèrè ni ìjọba fún mi, wọn ò fún mi lówó ọjà."

A ná àgbàdo, a ná gààrì, a ná epo. A ò ra nǹkan kan. Òjò kò rọ̀ tó lọ́dún náà, gbogbo nǹkan ti wọ́n. Títí oòrùn fi gòkè, àwọn oníbàárà ń gbọ́ iye owó, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń kọjá lọ.

Obìnrin kan tó ń ta àgbàdo ló kọ́kọ́ dìde, tòun ti ọmọ odó. "Akọ̀wé yìí ló fi ẹnu pa ọjà wa!" Ó là á mọ́ ọn lórí. Ó dún bí àgbọn tó fọ́.

"Akọ̀wé, èló ni orí rẹ?" ni òmíràn kígbe. "Kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Ẹ̀dínwó wà fún un, ó ti sán!"

Mo na apá láti fi bò ó. Ọmọ odó tún sọ̀ kalẹ̀, apá mi sì dá. Òkúta ń bọ̀, wọ́n ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Mò ń pe Màríà Mímọ́, òun ń pe ìyá rẹ̀.

Ìyá tèmi, tó ń ta epo níbẹ̀, ló fi ìgúnpá là wọ́n kọjá. Kò tilẹ̀ wo apá mi. Ó ṣí fìlà lórí ọkùnrin náà, ó bu epo sínú rẹ̀.

"Sọ fún un kó ra epo mi kó tó kú!"

Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ fa owó yọ. Ìyá mi gbé owó náà sókè. "Ó ti rà o! Ọjà ti ṣí!"

"Tiwa ńkọ́, ìyá?" ni ọlọ́mọ odó wí. Ọkùnrin náà ra tirẹ̀, ó ra ti gbogbo wọn, títí àpò rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n fi wá sílẹ̀. Àwọn oníbàárà sì padà wá, wọ́n ń tẹ ẹ̀jẹ̀ wa kọjá.

Ní ọjà tó tẹ̀lé e, àwọn sáńdáámù, ọlọ́pàá ìjọba, bá ọkùnrin náà wá pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n fi bẹ́líìtì na àwọn obìnrin, wọ́n da epo sílẹ̀, wọ́n fi ìdí ìbọn gbá ìyá mi létí. Èmi àti ọkùnrin náà ń pariwo pé ìyá mi ló gbà wá là. Ta ló gbọ́? Lẹ́yìn náà, ọ̀gá wọn ní kí ọkùnrin náà máa béèrè iye owó ọjà.

"Èló ni àgbàdo?"

Ètè ọlọ́mọ odó ti wú. "Iye tí ẹ bá fẹ́, ọ̀gá."

Iye owó ìgbà tí oúnjẹ pọ̀ ni gbogbo wọn pè. Ọkùnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Irọ́ ni, Tíṣà," ló wí fún mi, "ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nìyí." Báyìí ni ìròyìn ṣe dé Kútọnu pé oúnjẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọn ò fi nǹkan kan kún owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Etí ọ̀tún ìyá mi kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Títí Olúwa fi pè é, bí ẹnì kan bá ná epo níhà ibẹ̀, kò ní dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ rà ní tòótọ́ a yí sí ìhà kejì.