Ohùn Tí Ìyálé Mi Fi Ń Pe Adìẹ

"Kó, kó, kó! Ẹ wá jẹun, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Bí ìyálé mi ṣe máa ń pe adìẹ nìyẹn lẹ́yìnkùlé wa ní Ìwó, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọn á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn á máa fọ́n ọkà bàbà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣe àlejò.

Èmi náà ń sin adìẹ. Mo so akísà pupa mọ́ tèmi níyẹ̀ẹ́ kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ìyálé. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyálé ni gbogbo wọn ń sá lọ.

Bí mo bá fajú ro, ìyálé á rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ohùn ni adìẹ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọkà." Ọkọ wa á ní òótọ́ ni. Kí ni ìyálé sọ rí tí kì í ṣe òótọ́ létí ọkọ wa?

Nígbà tí ìyálé kú, mo ní adìẹ ti di tèmi wàyí. Mo pè títí, ẹyọ kan kò yíjú sí mi. Ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ohùn ìyálé pè wọ́n.

Adìẹ ya bò mí. Ọkọ wa náà sáré jáde. Nígbà tí ọkọ wa rí i pé èmi ni, wọ́n padà wọlé.