Orúkọ Ọmọ Lábẹ́ Àwòrán Ìyá

Iṣẹ́ bánà ni mo ń ṣe ní Laurel, nílùú òyìnbó níbí. Tí oṣù Karùn-ún bá ti dé, tí àwọn ọmọ wa bá ń jáde ní yunifásítì, èmi làwọn òbí ń wá kí n ya èyí tí wọn yóò dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àwọn òbí ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn.

Ohun tí bánà ń fẹ́ kò pọ̀. Kó má dán, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kí orúkọ ọmọ tóbi, kó sì wà lókè orí àwọn tó máa dúró. Ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kò lè rí àyè tó ṣófo kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n á ní kí n fi pásítọ̀ sí i, ìyàwó pásítọ̀, ẹsẹ Bíbélì, àti ìdúpẹ́ fún ẹgbẹ́ tí kò ra bírò fún ọmọ náà rí. Ó ń rí mi lára.

Nọ́ọ̀sì kan wá láti Fairwood pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà ti ránṣẹ́ sí mi ṣáájú: ìyá àgbà tó tọ́ ọ n'Íbàdàn kò rí físà gbà, fọ́tò nìkan ni yóò rí, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó fẹ́ kí ìyá àgbà lè ka orúkọ òun fúnra rẹ̀. Mo ti ya á bẹ́ẹ̀, lẹ́tà dúdú gbàǹgbà lórí funfun.

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó yọ ṣùtì.

"Anti, this one is too plain. Ṣé ìsìnkú la fẹ́ ṣe ni? Ẹ fi gold sí i, kó máa shine. Picture mi nìyí, èyí tí mo wọ gown nígbà tí mo gba Master's. Ẹ jẹ́ kó big. Èmi ni mo ń ṣe double shift."

"Mummy, Grandma won't see my name."

"Wọ́n á rí i jàre."

Mo kìlọ̀ fún un. À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Mo ṣe é bó ṣe wí.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Oòrùn kọ lu góòlù náà, ojú ń dùn wá. Orúkọ ọmọ wà nísàlẹ̀, ìdí ẹni tó bá ti dúró ló ń bò ó. Ìyá gba gáùn àti fìlà lára ọmọ, ó kó wọn wọ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, ó dúró síwájú àwòrán ara rẹ̀. Fọ́tò yẹn ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sílé.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà fi pè. Fóònù wà lórí sípíkà, gbogbo wa ń gbọ́.

"Ọmọ mi, o kú oríire o! O tún kàwé gboyè mìíràn! Wàá jẹ èrè rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Sọ fún un kó tẹra mọ́ ìwé, tiẹ̀ náà ń bọ̀ lọ́nà."

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí fóònù. Ìyá rẹ̀ yí ẹ̀yìn sí i, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò.

"Àmín, Màámi," ló wí. "Àmín o."