Aṣọ́lé Wa Wà ní Ìlà Tin Can

Ilé tí mo ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Mi ò kàwé níbẹ̀, ọmọ mi kankan ò sì kàwé níbẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù wọn ti fò kọjá ògiri, tó já sínú ike aṣọ tí mo ń fọ̀, tí mo fi ìbínú gbé e padà lọ, tí mo sì dúró wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò tíì rí ara mi gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Wíwò ni mo fi mọ̀ ọ́n. Igun pápá tó sún mọ́ gọ́tà máa ń gba omi dúró. Lẹ́yìn òjò, bọ́ọ̀lù tó bá dé ibẹ̀ kì í yí mọ́, ṣe ló máa jókòó. Òpó òsì ilé góòlù tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa ti rì díẹ̀, igi òkè rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lọ́wọ́ ibẹ̀. Aṣọ́lé tó bá mọ èyí á mọ bọ́ọ̀lù tí òun lè fi sílẹ̀ kó máa lọ sóde. Onígbàjámọ̀ ìkóríta wa, tí kì í wo bọ́ọ̀lù tí wọn ò bá gbá nílẹ̀ òyìnbó, ló sọ mí ní Àǹtí Kọ́lẹ́ẹ̀jì.

“Àǹtí Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣé àwọn ọmọ yín ti ra bàtà lọ́dún yìí, àbí àtẹ́lẹsẹ̀ la tún fẹ́ wò?”

“Àwọn tèmi mọ̀ mí,” mo máa ń dá a lóhùn. “Àwọn tìẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé o wà láyé.”

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje tọdún yìí, tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ara mi ò balẹ̀ rárá. Mo po tíì fún ọ̀gá mi, mo gbàgbé ṣúgà. Nígbà tó sọ fún mi, mo fi ṣúgà sí i, mo tún padà wá fi sí i. Ọdún tó kọjá ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ló kù ká dé àṣekágbá, ni ibà bá dá aṣọ́lé wa dúbúlẹ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti igun olómi, ó dúró dè é. Mo pariwo pé, “Jáde! Kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ!” Kò gbọ́. Bọ́ọ̀lù jókòó sínú omi, ọmọ ẹgbẹ́ kejì sáré dé ìdí rẹ̀, ó gbé e sí àárín, wọ́n sì fi orí kàn án wọlé. Lórí pápá tiwa, nínú omi tiwa!

Lọ́dún yìí, ìṣòro wa ti yàtọ̀. Àwọn méjèèjì tó ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn ti lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò nílé ìwé kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, wọn ò sì ní dé títí sáà yóò fi parí. Agbábọ́ọ̀lù iwájú tuntun tá a rí yára bí iná, ṣùgbọ́n orí mọ́ńkì-pósì ládùúgbò wa ló dàgbà sí, ilé góòlù kékeré yẹn tí kò ga ju orúnkún lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ̀ pé góòlù ńlá ní òkè. Ilẹ̀ ló ń gbá gbogbo bọ́ọ̀lù gbà. Bí iwájú bá rí báyìí, tí ẹ̀yìn sì ṣófo, ta ló kù? Aṣọ́lé ni.

Ọ̀dọ́kùnrin gíga ni aṣọ́lé wa. Kì í fi ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́ọ̀lù dànù bíi tàwọn yòókù, mímú ló ń mú un. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹ̀nárítì sí i, ẹsẹ̀ tí ẹni náà fi dúró ló máa ń wò, torí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn bá kọjú sí ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, mo dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹlòmíràn ló wà láàárín òpó méjèèjì. Èyí tó dúró de bọ́ọ̀lù inú omi ni.

“Kóòṣì, ibo ni kípà wa wà?”

“Bàbá rẹ̀ ló mú un, Mọ́mì,” ni kóòṣì fèsì, kò tiẹ̀ wojú mi. “Wọ́n wà pẹ̀lú tírélà ní ìlà tí wọ́n ń tò wọ wáàfù Tin Can.”

“Títí dìgbà wo?”

“Ẹ bá mi bi pọ́ọ̀tù.”

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe yọ̀ǹda wa fún oúnjẹ ọ̀sán, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbẹ̀. Wọ́n ní orí fóònù ni wọ́n ti ń pe tírélà wọlé báyìí, síbẹ̀ ìlà ṣì gùn. Mo wá wọn títí mo fi rí tírélà pupa kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń ṣe àlùwàlá. Orí aṣọ́lé wa yọ lójú fèrèsé.

“Mọ́mì! Báwo lẹ ṣe mọ ibí?”

Bàbá rẹ̀ gbé búútà sílẹ̀. “Mọ́mì wo? Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o ní òmíràn?”

Mo kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo sọ ti Sátidé, mo sọ ti omi, mo sọ ti àwọn tó lọ Ẹ̀pẹ́. Mo rò pé àlàyé mi yè kooro. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

“Mádáàmù, mọ́tò-bọ́ì mi lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bí ìlà yìí bá sún tí mi ò sún, wọ́n á kọjá lára mi, ìdí ìlà ni n ó padà sí. Ilẹ̀ ibí sì dà gẹ̀rẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò máa ti igi sẹ́yìn táyà. Ṣé bọ́ọ̀lù ni kí n máa tì sí i?”

Ọmọ rẹ̀ ń na ìka rẹ̀ lójú fèrèsé, bó ṣe máa ń nà án kó tó wọ ìbọ̀wọ́.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi kejì ni kí n máa lọ wo bí tírélà pupa ṣe sún sí. Mo fi òpó iná kan ṣe àmì. Lọ́jọ́rú, ó wà níbi tó wà. Ní Tọ́sídeè, ó wà níbẹ̀. Mo ń gbàdúrà kí ìlà sún, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n já ẹrù, kí ọmọ wá sílé. Ní Fúráìdé, ìlà sún! Wọ́n kọjá òpó iná mi. Mo sáré bá wọn, inú mi ń dùn.

“Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, Mọ́mì,” ni ọmọ náà wí. “A ti ń sún mọ́ ẹnu géètì. Ọ̀la ni wọ́n máa pè wá. Bàbá ní mi ò gbọdọ̀ kúrò.”

Mi ò ronú kí n tó sọ̀rọ̀. “Èmi ni n ó ti igi náà.”

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Pẹ̀lú bàtà gogoro yìí?”

“Sálúbàtà wà nínú báàgì mi, sà.”

“Ẹ mọ igi tì?”

“Ẹ kọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sílẹ̀, ó fi hàn mí: ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí táyà dúró pátápátá, ẹ tì í títí yóò fi kan rọ́bà táyà, kí ẹ sì yọ ọwọ́ kíá. Mo dán an wò. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

“Kó máa lọ,” ó sọ, kò wo ọmọ rẹ̀. “Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọjá lára mi, Mádáàmù, ẹ̀yin ló máa gbé mi padà sí ipò mi.”

Ní Sátidé, gbogbo àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà wà ní pápá àfi èmi. Mo bẹ onígbàjámọ̀ kó lọ bá mi wò ó, kó máa sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Ó ní òun ń ṣe mí lóore ńlá. Mo jókòó ti bàbá nínú tírélà, mo gbé fóònù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tú ohùn rẹ̀ síta.

“Àǹtí Kọ́lẹ́ẹ̀jì, afẹ́fẹ́ tútù, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, àwọn èrò ti péjọ…”

“Má ṣe bíi ti tẹlifíṣọ̀n! Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Ta ni?”

“Kípà!”

“Ó wà níbẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kiri.”

Mo mí. Igun olómi ló ń yẹ̀ wò. A gbọ́ fèrè rẹfirí, ìyẹn ni pé ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tírélà tó wà níwájú wa tu èéfín dúdú.

“Mádáàmù, igi!”

Mo fò sílẹ̀. Tírélà wa rìn díẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó dúró. Mo ti igi náà títí ó fi kan rọ́bà, mo yọ ọwọ́. Bí mo ṣe ń dìde, mo gbọ́ ariwo láti inú fóònù, ariwo pápá gbogbo, lẹ́yìn náà ni bàbá fúnra rẹ̀ pariwo lókè.

“Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti gbá a wọlé ni?”

Ó yọ orí síta, ojú rẹ̀ dàrú. “Wọ́n ní ó mú un. Mádáàmù, mímú yẹn, ṣé ó dáa?”

“Ó dáa, sà. Ó dáa gan-an ni!”

Ó wọ orí padà sínú, mo sì gbọ́ tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ló mú un.” Mo fẹ́ kó bi onígbàjámọ̀ bóyá ọwọ́ méjèèjì ló fi mú un, àti apá ibo ni bọ́ọ̀lù gbà wá, ṣùgbọ́n tírélà iwájú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín, mo sì ti lóṣòó sídìí igi náà, mò ń fà á jáde.