Téèpù Mi àti Máòsì Obed

Olùkọ́ ìṣirò ni àbúrò mi Obed. Láràárọ̀ ló ń wọ takisí láti Ìlá lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ń ránṣọ ní pálọ̀ ilé tí a jọ ń gbé. Kì í mutí, kì í rìn kiri. Eré ìbọn orí kọ̀ǹpútà nìkan ni tirẹ̀. Mo sọ títí, ó sú mi. Àgbàlagbà tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún!

Àmọ́ mo mọ ìdí rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kọ́ ọ léré náà kó tó lọ yunifásítì ní Àkúrẹ́. Kékeré ni ọmọbìnrin náà wà tí ìyá rẹ̀ fi kú, èmi ni mo tọ́ ọ. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bàbá àtọmọ á jọ wọ inú eré kan náà, wọn á máa lé ọ̀tá kiri, wọn á sì máa tàkúrọ̀sọ. Tí bàbá bá pè é lórí fóònù lásán, "Mo wà dáadáa, Dádì" ni, ó parí. Inú eré yẹn ló ti ń sọ tinú rẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, wáyà etí bàbá rẹ̀ ni mò ń wò, n kì í gbọ́ nǹkan kan. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́.

Lóṣù tó kọjá, Moyọ̀ pààrọ̀ eré, Obed náà tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà tó fi ń pinnu bí máòsì ṣe máa yára tó nínú eré àtijọ́, méjì ààbọ̀, òun náà ló kọ sínú tuntun. Háà! Bó ṣe fọwọ́ kan máòsì báyìí, ó ti yí po nínú eré, ojú ọ̀run ló ń yìnbọn sí. Wọ́n pa á kí ọmọ tó kí i tán. Sátidé kejì, bákan náà. Ni Moyọ̀ bá ní kí àwọn fi sílẹ̀ ná. Obed kò lè jẹun. Ó ní máòsì ló bàjẹ́.

Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bi í ní nọ́ńbà tó kọ, ó ní ti tẹ́lẹ̀ náà ni.

"Obed, ṣé ìrẹsì kan náà ni kóńgò Ọ̀tan àti kóńgò Ìlá ń gbà?"

Tí oníbàárà bá gbé aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán wá bá mi, n kì í béèrè ohun tí télọ̀ yẹn kọ sínú ìwé. Aṣọ gan-an ni mo máa ń wọ̀n.

Mo na téèpù sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Mo ní kó ṣí eré àtijọ́, kó kọjú sí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, kó máa ti máòsì lọ títí á fi yí po, tí á tún kọjú sí ilẹ̀kùn yẹn. Ínṣì mọ́kànlá ni máòsì rìn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tuntun, ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ péré! Tíṣà ìṣirò dorí kodò. Ó ń dín nọ́ńbà kù, mo ń wọ̀n, títí máòsì fi dé ojú àmì mi. Nọ́ńbà tó kù kò tó ọ̀kan.

Nígbà tí Sátidé dé, ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú márùn-ún, Obed kò kú. Mo fi máṣíìnì sílẹ̀. Ló bá yọ wáyà etí kí èmi náà lè gbọ́, ó sì sọ fún Moyọ̀ pé èmi ni mo bá òun wọ̀n ọ́n. Moyọ̀ bá kí mi:

"Ẹ ṣeun, Bìgí Mọ́mì. Ó dáa bí ẹ ṣe wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà, ará Ìgbájọ, Ọ̀rẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ mú un wá kí yín ní Kérésì."

Ọwọ́ Obed dúró lórí máòsì. Ibẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa á sí, kò tiẹ̀ mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà fa àga mi sún mọ́ ọn. Mo ní kí Moyọ̀ fi téèpù wọn èjìká àti apá ọmọkùnrin náà, kó fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi rán aṣọ Kérésì fún un, kó sì wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, torí n kò fẹ́ nọ́ńbà inú ìwé télọ̀ kankan.