Òrùlé Tó Ń Retí Yìnyín

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé katakata wá wó ilé onípákó inú ọgbà etí òkun ní Jẹ́dà, olóògbé Àlàájì Mùnírù, tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó ti máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀, ó wá bi Ziyad, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà, bóyá ó ti kí onílé.

"Ilé tó ṣófo?"

"Ẹ kí wọn ná."

Ziyad rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó ní, "Àsàlámù àlékùm."

Ohùn obìnrin kan dáhùn látinú ilé, jẹ́jẹ́, "Wà àlékùmù sàlámù."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Ziyad. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀, ó sì kó katakata rẹ̀ lọ.

Àwa ará Ghulail, àdúgbò wọn ní Jẹ́dà, gbà pé Àlàájà Sẹ̀ríkátù, ìyàwó rẹ̀, ni Àlàájì fi pamọ́ síbẹ̀. Àṣé Mẹ́kà ni ìyá wà lọ́jọ́ náà, ní An-Nakkasah, tó ń bá wọn wẹ ọmọ ìkókó.

"Bàbá Arwa, ta ló dáhùn?" ó bi ọkọ rẹ̀ nígbà tó dé.

"Ẹni tí ẹ kì í kí ni."

Láti ọjọ́ náà, Àlàájà ò dé ọgbà yẹn mọ́.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ilé náà ká Àlàájì lára. Hájì ló bá wá ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, kò padà sílé, kò sì ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú náà. Tó bá ti rí ọkọ̀ ọlọ́pàá, inú ilé onípákó yẹn ló ń wọ̀. Bí wọ́n bá wó o, kò níbi tí yóò sá sí mọ́.

Kò sẹ́ni tó mọ ìtàn ilé náà bí i tirẹ̀. Ó ní oníṣòwò kan láti ìlú olókè ló fi ọkọ̀ ojú omi kó pákó rẹ̀ wá, tó kọ́ ọ bíi tilé wọn, tó mú kí òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí yìnyín lè máa yọ̀ sílẹ̀.

"Yìnyín, ní Jẹ́dà?" ni a bi í.

"Òrùlé ń retí ẹ̀. Àádọ́rin ọdún rèé. Sùúrù ni baba ìwà. Èmi náà ń retí ìkámà, ta ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Gbogbo wa ni.

Ìwé tí Ziyad kọ ló mú kí wọ́n rán àwọn onímọ̀ wá. Wọn ò bá ènìyàn kankan nínú ilé, àmọ́ wọ́n rí pákó àtijọ́, wọ́n sì kan pátákó mọ́ ọn pé ilé ìtàn ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Bàbá tí kò níwèé ló gba ìwé fún ilé. Àràárọ̀ ló ń nu pátákó náà, pẹ̀lú ìlara díẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ tí Àlàájì kú, Àlàájà lọ kó bàtà ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ọgbà dá páropáro. Ẹ̀rù ń bà á. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sálámà.

Nínú ilé, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dáhùn.

Àlàájà sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò kó bàtà náà mọ́. Ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà dáadáa, bí a ti ń to bàtà ẹni tó wà nílé.

"Bàbá Arwa," ó ní, "wọ́n ti fún yín ní ìkámà nìyẹn."